Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ̀rọ̀ Níbi Ìsìnkú Aṣíwájú Ìlú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè." Òwe yìí kì í ṣe ìyìn fún òkú nìkan, ìbáwí ni fún alààyè pẹ̀lú. Ó ń rán wa létí pé ẹnu tí ó bú ènìyàn ní òwúrọ̀ lè yìn ín ní alẹ́. Nítorí náà ni ìbéèrè kan fi máa ń dìde nígbàkúùgbà tí ẹni tí ó ti ṣe olórí bá papò dà: ta ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ nìkan ni, àbí ẹni tí ó bá a du ipò náà lè dìde?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ń gbé Ladi-Lak, láàrin Ṣómólú àti Bàrígà, kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí àpẹẹrẹ. Bàrígà ni Ilé-ìwé Gírámà CMS wà láti ọdún 1959, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1859 ni a ti dá a sílẹ̀ ní Èkó, tí Thomas Babington Macaulay sì jẹ́ olùkọ́ àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Herbert Macaulay, ọmọ rẹ̀, kàwé ní ilé-ìwé náà. Ìsìnkú Herbert yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tí ó wúlò títí di òní.

Ní ọdún 1923 ni Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì jẹ gàba lórí òṣèlú Èkó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1938 ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní Nigerian Youth Movement borí rẹ̀ nínú ìdìbò. Nnamdi Azikiwe, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, wà lára àwọn ọ̀dọ́ náà. Ó fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1941. Nígbà tí ó di 1944, òun àti Macaulay ti wà lábẹ́ òrùlé kan nínú ẹgbẹ́ NCNC, Macaulay ni ààrẹ, Azikiwe ni akọ̀wé. Ní 1946, bí wọ́n ti ń rin ìlú kiri láti tako òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀, àìsàn dá Macaulay dúró ní Kánò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kàrún-ún. Ní ọjọ́ 11, ní itẹ́ òkú Ìkòyí, Azikiwe ni ó dúró lẹ́bàá ibojì rẹ̀ tí ó sì sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Azikiwe kì í ṣe ẹbí olóògbé, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó sì ti wà ní ìhà kejì rí. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni ó fún un ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Azikiwe náà ni ó di ààrẹ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ikú Macaulay, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jogún ipò sì máa ń ní ojú méjì. Àwọn baba wa mọ èyí tí wọ́n fi ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹni tí ó fẹ́ràn olóògbé jù lè jẹ́ ẹni tí yóò fi pósí rẹ̀ ṣe àpótí ìpolongo.

Kí ni àṣà wí? Ẹbí ni ó ni òkú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ sọ lórí òkú láìgba àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé àti àgbà ẹbí. Bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí ni, àdúrà ni ó ṣáájú, ìsìnkú kì í sì pẹ́. Lateef Jakande, gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021. Ọjọ́ kejì ni a sin ín. Irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ gígùn, ọjọ́ mìíràn ni a ń fi sọ ọ́.

Síbẹ̀, àṣà kan náà gbà pé àwọn akẹgbẹ́ ní ìpín tiwọn. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ni í sun ìrèmọ̀jé fún un. Wọn kì í kọ́kọ́ bi ara wọn bí olóògbé bá wọn du ẹran rí nínú igbó. Iṣẹ́ ni òṣèlú náà. Ẹni tí ó bá olóògbé du ipò ti wọ igbó kan náà, ẹ̀gún kan náà ni ó gún àwọn méjèèjì. Akẹgbẹ́ ni alátakò jẹ́, kì í ṣe àlejò.

Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kàrún-ún ọdún 1987, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ yìn ín, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbólóhùn tí ó kù lẹ́nu ènìyàn títí di òní ti ẹnu Odumegwu Ojukwu jáde: ó ní Awólọ́wọ̀ ni ààrẹ tí ó dára jù lọ tí Nàìjíríà kò ní rí. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 dé 1970, Ojukwu ni olórí Biafra, Awólọ́wọ̀ sì ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀. Ojukwu kò fi gbólóhùn yìí sọ pé ogun náà kò dun òun. Ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni ó fún un ní ìwọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, Jimmy Carter borí Gerald Ford nínú ìdìbò ọdún 1976. Nígbà tí ó yá, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá kẹ́yìn yóò sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ẹnìkejì. Carter san ẹ̀jẹ́ tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2007. Nígbà tí òun náà kú, ọmọ Ford, Steven, ka ọ̀rọ̀ tí baba rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ kí ó tó kú, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2025.

Àwọn kan lè wí pé àbòsí ni gbogbo èyí. Wọ́n lè bèèrè pé ṣé ẹni tí olórí kan fi ojú rẹ̀ rí màbo gbọ́dọ̀ yìn ín ni. Rárá. Nígbà tí Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998, àwọn ènìyàn jó ní ìgboro Èkó. Kò sí ìwà ọmọlúàbí tí ó fi dandan lé e pé kí irú wọn parọ́. Ẹni tí kò bá lè yìn lè dákẹ́, nítorí ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé ẹjọ́ wà fún ìdájọ́, ìwé ìtàn sì wà fún ẹ̀rí. Etí ibojì kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, bí alátakò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, nǹkan mẹ́ta ni ó tọ́ kí ó mú lọ́wọ́: àṣẹ ẹbí, òtítọ́ tí ó lè fi ojú kan ọmọ olóògbé sọ, àti ọ̀rọ̀ tí kò wá ìbò. Bí àwọn olórí bá pa èyí mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí a ń rán jáde láti ya ìwé ìpolongo, tí wọ́n sì ń ti ara wọn lọ́gbẹ́ nítorí ẹgbẹ́, yóò rí i pé àwọn ọ̀gá wọn ń kí ara wọn. Bí wọn kò bá sì pa á mọ́, ohun tí ọmọdé yóò kọ́ ni pé ìjà òṣèlú kò lópin, àní nínú ilẹ̀ pàápàá. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Bí ọ̀kan bá sì kú, ó yẹ kí ẹnìkejì lè wá sin ín.