Mùsíọ́mù kì í ṣe ti ọmọ iléèwé nìkan: ẹ jẹ́ ká máa kó ara wa lọ

Tí ẹnì kan bá ní ìnáwó ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò ṣòro rárá láti rí èèyàn méje tó máa wọ ọkọ̀ láti Ìsìkàn níbí. A máa dá owó epo, a máa ra aṣọ ẹbí, a ò sì ní pẹ́ jí. Ẹ wá sọ fún àwọn èèyàn méje yẹn kan náà pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo mùsíọ́mù tó wà nínú ọgbà ààfin Ọ̀wọ̀." Wọ́n á wò yín bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. "Ṣé ọmọ iléèwé ni wá ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Èrò tèmi ni pé àwọn àgbàlagbà gan-an ni mùsíọ́mù wúlò fún jù, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀ síra, tí wọ́n bá jọ lọ bí ẹni tó lọ najú, láìsí tíṣà, láìsí ìwé tí wọ́n máa kọ. Sáyẹ́ǹsì tó wà nínú iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa pọ̀ gan-an. Àmọ́ yunifásítì nìkan kọ́ ni àwọn tó lè kà á jáde wà. Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wà lọ́jà, wọ́n wà nídìí iná.

Púpọ̀ nínú wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la wọ mùsíọ́mù láyé wa, ìyẹn nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí èskọ́ṣọ̀n. Wọ́n tò wá sórí ìlà. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, ká má pariwo, ká kọ ohun tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní ká kọ ọ́ wá bí àròkọ. Kí ni a rántí nínú ẹ̀? Bisikíìtì tí a jẹ nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò bá àwọn tíṣà jà o. Ẹni tó kó ọgọ́ta ọmọ jáde, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀ ni kó kó ọgọ́ta wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹn parí ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù fún wa títí ayé.

Àwọn òǹwádìí ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. John Falk àti Lynn Dierking, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1992 lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó lọ sí mùsíọ́mù. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló máa ń pinnu ohun tí èèyàn máa mú bọ̀ níbẹ̀: ohun tó ti mọ̀ kó tó lọ, àwọn tó bá lọ, àti bí ibẹ̀ fúnra ẹ̀ ṣe rí. Ẹ wo méjì àkọ́kọ́ yẹn. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ẹni tí ẹ bá lọ. Àwọn tó ṣáájú wa ti sọ ọ́ lọ́nà tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ náà ni mo ti fojú ara mi rí i. Lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, a gba ọ̀nà Iléṣà lọ wo mùsíọ́mù ibẹ̀. Bọ̀dá kan wà nínú wa tó ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù, tó fi ń da ìkòkò. Àǹtí kan wà tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, òun àti àbúrò ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kàwé ló ṣìkejì.

A dúró síwájú ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé fún wọn: pé lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí yìí. Mo tún sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Oníṣẹ́ á fi amọ̀ mọ inú orí, á fi ìda bò ó, á ya ojú, imú àti ètè sára ìda náà, á tún fi amọ̀ bo gbogbo ẹ̀ látòkè. Tó bá fi sínú iná, ìda á yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni idẹ yíyọ́ máa wọ̀.

Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá ní, "Bó ṣe fẹ́lẹ́ tó yìí, báwo ni ò ṣe dì kó tó dé igun tó kù? Ta ló ń fẹ́ná fún wọn?"

Ìbéèrè onísẹ́ nìyẹn. Alumíníọ̀mù tí Bọ̀dá ń yọ́, 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, òun fúnra ẹ̀ sì mọ ìyà tí èédú àti fáànù ń jẹ kó tó débẹ̀. Bàbà tí ò ní àdàlù, ó di 1,085 kó tó yọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Bàbà pọ́ńbélé sì le láti dà ju idẹ lọ: kì í ṣàn dáadáa, ó máa ń fa atẹ́gùn mọ́ra nígbà tó bá yọ́, tó bá wá ń dì, atẹ́gùn yẹn á dá ihò sí i lára. Àwọn tó rí irú nǹkan báyẹn dà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, láìsí fáànù oníná, wọ́n mọ iná lò. Mo ti ka nọ́ńbà 1,085 yẹn láìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí ẹni tó ń da ìkòkò béèrè ẹni tó ń fẹ́ná ni mo tó mọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí tún yàtọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń wò. Ó ní ṣẹ̀gi tí àwọn àgbà máa ń sọ pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u, ṣé òyìnbó ló kó o wá ni? A dá a lóhùn pé rárá. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ níbẹ̀, Abidemi Babalọla tó jẹ́ ọmọ Yorùbá walẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ ṣì lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é kò bá ti gíláàsì ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àbúrò Àǹtí, tó ti gba kẹ́místírì parí, bu sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ní kíláàsì."

Ohun tó wà nínú ewu nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ wa lè gba A nínú kẹ́místírì, kó ṣì máa rò pé inú ọkọ̀ ojú omi ni sáyẹ́ǹsì wà wá. Àwọn tó mọ iná, amọ̀ àti irin nínú wa náà ń dàgbà, ìmọ̀ wọn sì ń bá wọn wọ ilẹ̀, torí kò sí ibi tí àwọn àti ọmọ yunifásítì ti ń dúró wo ohun kan náà.

Ẹ má sọ pé Ifẹ̀ jìnnà. Láti Ìsìkàn, ààfin àtijọ́ ti Déjì ò jìnnà síbi tí a ti ń ra tòmátò. Àgbàlá tó wà níbẹ̀, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní ùà, lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ bá mi mú bíríkìlà kan lọ síbẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn, ó máa ń gba ooru díẹ̀díẹ̀ ni. Kí ooru ọ̀sán tó la ìta dé inú, oòrùn á ti máa wọ̀. Ní òru, ògiri á tún tú u sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àgbàlá ní tiẹ̀ ṣí sókè: atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́, ó ń gba òkè lọ, èyí tó tutù á wá rọ́pò ẹ̀. Ẹ wá fi wé ilé búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ tí páànù wà lórí ẹ̀, tí gbogbo wa ń sùn sí, tí a ń làágùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mi ò ní ká padà sí ilé amọ̀. Amọ̀ ní ìṣòro tiẹ̀, òjò ni ọ̀tá ẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó dúró nínú ùà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè bi ìbéèrè kan lórí ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, àwa tó máa gbé inú ilé náà la máa jàǹfààní ẹ̀.

Ibì kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ará Àkúrẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, nǹkan bíi kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́. Iwo Eleru ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà. Wọ́n bá egungun èèyàn níbẹ̀. Wọ́n fi kábọ́ọ̀nù inú èédú tó wà nítòsí ẹ̀ wọn ọjọ́ orí ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọn bí agbárí náà ṣe rí, wọ́n ní ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn ju bí a ṣe máa retí lọ. Àwọn onímọ̀ kárí ayé ń jiyàn lórí ẹ̀ títí dòní. Àwa tí ihò náà wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́? Iyàn tiwa dà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ilé òrìṣà ni mùsíọ́mù. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn kálukú, àmọ́ wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tí ò bá fẹ́ dúró síwájú ohun kan, kó kọjá sí èyí tó kàn, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àwọn míì á ní kò sówó. Òótọ́ ni, epo ti wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé.

Èyí tó lágbára jù nínú àtakò náà ni pé tí kò bá sí onímọ̀ láàárín wa, àṣìsọ la máa kó bọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ jẹ́ n rán yín létí Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì tó wá sí Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí iṣẹ́ tó dára níbẹ̀, ó sì pinnu pé ọwọ́ dúdú ò lè ṣe é, pé àwọn tó ti ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì wá ló ni ín. Ìwé tó kà ò gbà á sílẹ̀. Ká ní ó jókòó ti alágbẹ̀dẹ kan, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń fẹ́ná?" bóyá ìtàn ì bá yàtọ̀. Onímọ̀ nìkan lè ṣìnà, oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan náà lè ṣìnà. Tí wọ́n bá jọ wà níbẹ̀, ẹnì kan á sọ pé, "Dúró ná."

Ó yá, báwo la ṣe máa ṣe é? Ẹ má dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ má yan ààrẹ, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn márùn-ún tó, méje ti pọ̀. Ó kéré tán, kí méjì jẹ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ pè síbẹ̀ ṣáájú, ẹ béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o, ẹ san owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san. Ẹ má wo gbogbo ẹ̀. Ẹ yan ohun mẹ́ta péré. Kí kálukú sọ ohun tó jọ nínú iṣẹ́ tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka ohun tó wà lára bébà. Ọmọ sáyẹ́ǹsì ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, Yorùbá ló sì máa fi sọ ọ́. Mo ń bá ara mi wí níbí yìí náà: tí mi ò bá lè ṣàlàyé bí ògiri ṣe ń gba ooru fún bíríkìlà, a jẹ́ pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá jáde, ẹ wá ibi tí iyán gbígbóná wà. Ìdí iyán ni àríyànjiyàn gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá ṣì ń bi mí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá nípa ẹni tó ń fẹ́ná. Ó ti ń fi ewìrì aláwọ tí òun fúnra ẹ̀ rán dánwò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Kò tíì yọ́ bàbà kankan. Ṣùgbọ́n ó ní tó bá di Sátidé, ká wá wò ó.