Ẹ Wo Ohun Tó Ń Lọ Lọ́wọ́ Kí Ẹ Tó Dá A Dúró

Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti kọ́ wa pé "ti" yàtọ̀ sí "ń". "Adé ti jẹun": ó ti ṣan ọwọ́. "Adé ń jẹun": ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àwo. A rò pé ìyàtọ̀ yìí yé wa dáadáa, àfi ìgbà tí dátábéèsì tún un kọ́ wa.

Àwa mélòó kan la jọ ń kó òwe, àlọ́ àti ìròyìn àtijọ́ jọ sínú MongoDB, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́ta tó pín ẹrù náà gbé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tí a bá wá òwe kan ṣoṣo, a ó jókòó tì í títí. A ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà, àmọ́ ohun tó ti parí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnì kan wá rántí db.currentOp(), àṣẹ tó ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Tí a bá ti ẹnu mongos pè é, ó máa kó ìròyìn gbogbo kọ̀ǹpútà náà jọ, á sì fi hàn apá ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà.

A rí iṣẹ́ kan tí secs_running rẹ̀ jẹ́ 5,400, ìyẹn wákàtí kan àti ààbọ̀. A ní, "Ọwọ́ ti tẹ olè!" Ni a bá lo db.killOp().

Iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa ni. Ó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan jẹ yọ fún àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ọ̀la ló fẹ́ fi sílẹ̀, ó sì ti lọ sùn. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ effectiveUsers. A ò kà á. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rọ náà kò yá sí i. Àwọn wíwá kéékèèké tó pọ̀ bí eéṣú ló ń dí ọ̀nà. COLLSCAN ló wà nínú planSummary wọn: kò sí atọ́ka, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tú gbogbo àkójọ láti orí dé ìdí.

Èrò wa ni pé pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ló ni ín? Kí ló ń ṣe? Ṣé òun ló ń dí ẹlòmíràn lọ́nà ni, àbí ẹlòmíràn ló ń dí i?

A sì tún rò pé kí gbogbo ẹni tó ń lo dátábéèsì ní àṣẹ láti wò ó, kí àṣẹ láti pa iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tàbí méjì. MongoDB fúnra rẹ̀ ya inprog sọ́tọ̀ kúrò lára killop. Àwọn kan á ní ẹni tó ń wò á rí ohun tí ẹlòmíràn ń wá. Òótọ́ ni. Níbi tí àṣírí aláìsàn tàbí owó oníbàárà bá wà, kí wọ́n dín àwọn tó ń wò kù. Àmọ́ òwe àti àlọ́ kì í ṣe àṣírí.

Ọ̀rẹ́ wa fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Àwa la bá a kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Àwa fi ìkánjú pa á, a ò rí nǹkan kan.