Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá, pàápàá fún ẹ̀yin ọmọ tí à ń rán lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ ìyẹ́ nìkan dá ẹyẹ mọ̀, ìyẹ́ adìẹ funfun tí wọ́n rẹ sínú àwọ̀ pupa ni wọn ó tà fún un ní ìkóóde, á sì tún dúpẹ́. Àwọ̀ ṣeé kùn. Ẹsẹ̀ àti àgógó ẹnu ni kì í parọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àgbàlá. Adìẹ, etù, àparò: ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹsẹ̀ tó le tí wọ́n fi ń wa ilẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ, awọ ló so ìka tiẹ̀ pọ̀. Ẹyẹlé àti àdàbà, orí wọn kéré. Bí adìẹ bá mumi, á gbójú sókè kó tó gbé e mì. Ẹyẹlé ò ní sùúrù yẹn, ńṣe ló máa ki ẹnu bọ omi, á sì máa fà á. Ẹ wò ó nílé, ẹ ó rí i.

Odídẹrẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Ìka méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi lè di ekùrọ́ mú bí ẹni fọwọ́ mú un. Àkókó náà ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tiẹ̀ gún bí ìṣó. Ti odídẹrẹ́ tẹ̀. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù nìkan ló pọ́n. Ní ti àlùkò, tí àwọn àgbà fi osùn mọ̀, bàbà wà nínú pupa tó wà ní apá rẹ̀, bàbà gidi tí alágbẹ̀dẹ ń rọ!

Ibi tó ń dùn mí ni ti igún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń pè é ní àṣá, wọ́n sì ń sọ ọ́ lókò. Lóòótọ́, ẹnu àwọn méjèèjì tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀: èékánná àṣá mú, ohun tó wà láàyè ló fi ń gbé. Ẹsẹ̀ igún ò lágbára, èékánná rẹ̀ ò mú, torí òkú ẹran ló ń jẹ. Orí rẹ̀ sì pá. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèwọ̀ ni pípa igún, síbẹ̀ orí rẹ̀ ń bẹ lórí àtẹ. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun.

Odídẹrẹ́ náà ń tán lọ. Ní Gánà, àwọn olùwádìí rí i pé láti 1992, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá wọn tí kò sí mọ́. Ní 2016, nípàdé kan ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ẹnubodè fún títà. Bẹ́ẹ̀, ìkóóde máa ń já fúnra rẹ̀ tí ẹyẹ bá ń pààrọ̀ ìyẹ́. Kò dìgbà tí a bá pa á. Ilé tó bá ní ti àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, kí kòkòrò má jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá sì gbọ́dọ̀ rà, kó mú aṣọ funfun tó tutù dání, kó fi nu ìyẹ́ náà. Tí aṣọ bá pọ́n, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Tí kò bá pọ́n, ẹ ṣì bi í léèrè bó ṣe rí i.