Ẹni Gbé Epo Lájà àti Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìwé ìtàn àwọn adigunjalè pọ̀ lọ́jà, ẹ sì ń kà wọ́n. A kò ní kí ẹ má kà wọ́n; ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé ìgboyà olè nìkan ni ọ̀pọ̀ ń rí níbẹ̀.

Ní 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ da ìlú Bìní láàmú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oògùn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọwọ́ wá tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà, oògùn ọ̀hún hàn: George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá, ni ó ń tú àṣírí iṣẹ́ fún wọn, tí ó sì ń fún wọn ní ohun ìjà. Àti olè àti ọlọ́pàá, ìbọn ni a fi pa wọ́n ní 1987.

Àwọn àgbà ní ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nínú Súúrà kejì, áyà 188, Allāh kọ̀ fún wa láti fi owó tọ aláṣẹ lọ kí a lè jẹ ohun ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń fi rìbá bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, Iyamu mìíràn ni ó ń tọ́ dàgbà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wọ aṣọ ọlọ́pàá, àmáánà ni ìbọn ọwọ́ yín. Ẹ ó jíhìn rẹ̀ ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Kí Allāh ṣọ́ wa. Àmín.