Shortlet: Caution fee ń ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n, ta ló ń ṣọ́ oorun aládùúgbò?

Bí Detty December bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé òfin ni mo kà: "Ẹ̀gbọ́n, fúláàtì òkè wa ti di shortlet, kí la lè ṣe?" Láti Yaba dé Lekki, ìtàn náà kò yàtọ̀. Àlejò á dé lọ́jọ́ Ẹtì, orin á máa dún gbọ̀ngbọ̀n ní agogo méjì òru, mọ́tò tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ á dí ẹnu géètì. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti lọ, àwọn mìíràn ti dé.

Àlejò yìí lọ̀pọ̀ wa máa ń bá jà. Ẹni tó ń lọ lọ́la, kí lẹ fẹ́ fi ìjà rẹ̀ ṣe? Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wá, ẹni yẹn sì lè má jẹ́ onílé rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe shortlet l'Ékòó, ayálégbé bíi tiyín ni wọ́n. Wọ́n san owó ọdún kan, wọ́n ra àga, wọ́n gbé e sórí Airbnb tàbí Instagram, wọ́n sì ń fi háyà fún èèyàn ní òròòru. Ẹ lọ bá onílé, ẹ ní kó yẹ ìwé àdéhùn wọn wò. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbé ilé háyà fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ. Bí onílé ò bá mọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn.

Bó bá wá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é ńkọ́? Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2011 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbádùn ilé rẹ̀ ní àlàáfíà, láìsí ìyọlẹ́nu tí kò tọ́. Apá kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá: òfin náà yọ Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island sílẹ̀. Haba! Ibi tí shortlet pọ̀ sí nìyẹn. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ṣì lè di ìwé àdéhùn tirẹ̀ mú, pẹ̀lú ìlànà táwọn ilé ẹjọ́ ti ń tẹ̀lé tipẹ́. Ní ti ariwo, ẹ kọ̀wé sí LASEPA.

Mi ò sí lára àwọn tó ní kí ìjọba fòfin de shortlet o. Ìdílé tó wá tọ́jú aláìsàn nílò ibi tí wọ́n ti lè dáná. Ní London, òru 90 lọ́dún ni wọ́n fàyè gbà. Ta ló fẹ́ máa ka òru l'Ékòó?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ariwo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n pa Usifo Ataga, ọ̀gá Super TV, nínú shortlet kan ní Lekki. Nínú ilé tiyín, ta ló mọ ẹni tó wọlé lánàá?

Àwọn oníshortlet máa ń gba caution fee. Tẹlifíṣọ̀n, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti gíláàsì ni owó yẹn ń dáàbò bò. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Kí gbogbo ilé jókòó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ariwo bá kọjá agogo mẹ́wàá alẹ́, tẹ́ ẹ pe oníshortlet tí kò dá a dúró, apá kan caution fee á wọ àpò dísù ilé. Kí ó wà nínú ohun tí àlejò máa fọwọ́ sí kó tó sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní rí i gbà. Kí nọ́ḿbà oníshortlet wà lọ́wọ́ mègáàdì, kí orúkọ gbogbo àlejò sì wà nínú ìwé géètì. Kí service charge tirẹ̀ náà ju tiyín lọ, torí àlejò kì í pa AC.

Wọ́n á ní ó máa lé oníbàárà sá. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí onílé náà fọwọ́ sí i, kí oṣù Kejìlá tó wọlé.