Ìṣílẹ́tà Yàtọ̀ sí Ìkàlẹ́tà: Èrò lórí Ìperí Ìpolówó-ọjà orí Ímeèlì

Bí oníṣòwò kékeré bá fi ímeèlì polówó ọjà, ẹ̀rọ a máa ka iye àwọn tí ó dáhùn sí i. Ìtumọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ògbufọ̀ fún ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ń kà ni ‘ìṣílẹ́tà’. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì bá gírámà mu. Àléébù rẹ̀ ni pé kò bá òtítọ́ mu.

Ẹ̀rọ yìí kò rí ojú ẹni tí ń kàwé. Olùfiránṣẹ́ ni ó máa ń fi àwòrán bíńtín kan, èyí tí ojú lásán kò lè rí, pamọ́ sínú lẹ́tà. Nígbà tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà olùgbà bá béèrè fún àwòrán náà láti ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti ṣí lẹ́tà. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ gba àwòrán lè ka lẹ́tà náà tán pátá kí a má sì kà á mọ́ ọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2021 ni ọ̀rọ̀ wá dojú rú, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé ààbò kan jáde fún àwọn tí ń fi ohun-èlò rẹ̀ ka lẹ́tà. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ gba àwọn àwòrán wọ̀nyí fún ẹni tí ó bá yan ààbò náà, ìbáà ka lẹ́tà, ìbáà má kà á. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó sùn fọnfọn ń ṣí lẹ́tà.

Kí a mú aládìrẹ kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí 200 oníbàárà. 8 padà nítorí pé àdírẹ́sì wọn kò sí mọ́, 192 gúnlẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ìṣílẹ́tà 96 sílẹ̀, ènìyàn 12 tẹ ìjápọ̀ tí ó lọ sí àtẹ ọjà, àwọn 3 rà. Bí a bá sọ fún un pé ìdá 50 nínú 100 ṣí lẹ́tà rẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, kò sì ní tún ọ̀rọ̀ inú ìpolówó náà ṣe. Ó tilẹ̀ lè pa orúkọ àwọn 96 yòókù rẹ́, nígbà tí oníbàárà àtijọ́ kan wà láàrin wọn tí ń ka lẹ́tà láìgba àwòrán, tí ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ìsọ̀. Ìperí tí kò péye ni ó lé oníbàárà yẹn lọ. ‘Ìgbàwòrán’ ni ó yẹ kí a pe ohun tí ẹ̀rọ kà, kí oníṣòwò lè béèrè pé ta ni ó gbà á.

Àwọn 12 náà ní wàhálà tiwọn. Bí a bá fi 192 pín wọn, ìdá 6.25 nínú 100 ni. Bí a bá fi 96 pín wọn, ó di 12.5. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ náà fara jọra débi pé ó rọrùn láti ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Kò yẹ kí Yorùbá jogún àṣìmú yìí. ‘Ìtẹ̀jápọ̀ nínú lẹ́tà tí ó gúnlẹ̀’ gùn lóòótọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ọ kò ní béèrè ohun tí a fi pín in. (Gúngúnlẹ̀ náà kò sì ní kí lẹ́tà má bọ́ sínú àpótí pàǹtí.)

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí pọ̀ ni wọ́n tún ń lò fún àdéhùn ìgbéyàwó. Ẹni tí ó tẹ ìjápọ̀ kò tíì ṣe ìdána. ‘Ìdáhùnsí’ tó o. Ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, nítorí náà a kò lè retí ọ̀rọ̀ ìṣòwò níbẹ̀. Ọjà ni kí a lọ. Kò sí ìyálọ́jà tí í ka ẹni tí ó yẹ ọjà wò pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ná an, tàbí ẹni tí ó ná an pọ̀ mọ́ ẹni tí ó rà á. Títẹ ìjápọ̀ jẹ́ ìyẹjàwò. Fífèsì láti béèrè iye owó jẹ́ ìnájà. Ìrajà sì wà láyè tirẹ̀. Bí aládìrẹ yìí bá pín orúkọ inú ìwé rẹ̀ sí méjì, tí ó kọ àkọlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn, tí ènìyàn 5 yẹ ọjà wò ní apá kan, tí 7 sì yẹ̀ ẹ́ wò ní apá kejì, kò tíì mọ àkọlé tí ó sàn jù, nítorí pé iye náà kéré jù. Àwọn tí ó nájà tí wọn kò rà ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí ó dá wọn dúró.

Ó ku orúkọ fún ohun tí ẹni tí kò fẹ́ lẹ́tà mọ́ ń ṣe. Láti oṣù kejì 2024 ni Google ti ń béèrè pé kí ẹni tí ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail, tí lẹ́tà rẹ̀ ń tó 5,000 lójúmọ́, jẹ́ kí wọ́n lè fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo jáwọ́. Aládìrẹ wa kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má fi dátà rẹ̀ polówó ọjà fún un. ‘Ìyọrakúrò’ sọ ohun tí ìka ṣe lórí ẹ̀rọ. ‘Ìkọ̀polówó’ sọ ẹ̀tọ́ tí òfin fún un, òun ni ó sì yẹ kí ó wọ inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò.