Àwọn Tí Ń Fọ́ Iwájú Ilé Ṣe Ìsọ̀

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń gbé Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹ̀yin gan-an ni a ń bá wí. Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilẹ̀ etí ọ̀nà ní Mowe àti Ìbàfò ti di ohun àdúdù. Ìfọ̀ ti mọ adùn ọjà tipẹ́ ṣáájú wọn, nítorí ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìsinsìnyí, ilé tí ó bá kọjú sí títì kò fẹ́ jẹ́ ilé mọ́. Wọn a wó ògiri pálọ̀, wọn a dí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a gbé ilẹ̀kùn onírin sí i, ó di ìsọ̀ mẹ́rin. Bí a bá bi onílé léèrè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní: "Ilé mi ni, bí ó ti wù mí ni n ó ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí ni a dojú ìjà kọ. A kò bá òwò jà. Ta ni kò mọ̀ pé owó ìsọ̀ ju owó yàrá lọ, àti pé opó tí ó ní ọmọ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kò lè fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹun? Àwọn Àgùdà àti Sàró tí wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tajà nísàlẹ̀, wọ́n ń sùn lókè. Ṣùgbọ́n láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ilé tí a kọ́ fún oorun ni a ń fi òòlù bíríkìlà kan sọ di ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ògiri náà ná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí òpó kankan. Búlọ́ọ̀kù tí a tò ni ó ru àjà àti páànù. Ẹni tí ó bá gé ògiri iwájú láti ya ẹnu ìsọ̀ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹsẹ̀ ni ó yọ kúrò lábẹ́ ẹrù. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ fi igi ti òkè ró, kí a wa ìpìlẹ̀ fún òpó méjì, kí a fi irin àti kọnkéré so wọ́n pọ̀ lókè, kí ó gbẹ dáadáa, kí a tó ya ẹnu ìsọ̀ náà tán. Èyí tí ojú wa ń rí ni pé wọ́n fọ́ ọ ní àárọ̀, wọ́n fi pákó kan há a ní ọ̀sán, wọ́n sì kun ún lọ́dà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tilẹ̀ burú jù. Àpò sìmẹ́ńtì kan wọn kílò 50. Àpò 100 di tọ́ọ̀nù 5, a sì ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí yàrá òkè tí a kọ́ fún ibùsùn àti àpótí aṣọ. Ìlànà àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ni pé kí ilẹ̀ ìsọ̀ lè ru ju ìlọ́po méjì ohun tí ilẹ̀ yàrá ń rù. Ẹ kò gbàgbé Ìta Fájì ní Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019. Ilé gbígbé ni, a sọ òkè rẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́. Ó wó lu àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, ènìyàn 20 sì kú. Ilé ta ni ilé tí ó pa ọmọ ọlọ́mọ?

Àní, ilé ta tilẹ̀ ni? Ẹni tí ń pe ilé ẹbí ní tirẹ̀ a máa jẹ́ ọmọ kan nínú mẹ́jọ. Àṣà àwọn bàbá wa kò fún ọmọ kan láṣẹ láti ta ilé ẹbí tàbí láti yí i padà, àfi bí olórí ẹbí àti àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan bá fọwọ́ sí i. Nítorí irú àṣà yìí ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ṣe bá ìjọba ṣẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá, tí àwọn adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá a láre ní 1921: wọ́n gbà pé àjọni ni ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ti ẹnì kan. Irú ọmọ wo ni àwa, tí a ń fi ohun tí wọ́n gbà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ fún owó ìsọ̀ ọdún méjì? (Ti ìsọ̀ tí a tẹ́ sórí ibojì bàbá àgbà, kí a má tilẹ̀ sọ ọ́.)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba nìkan ni yóò bá wa ṣọ́ ọ. Ilé Ìlójò ní Tinúbú, tí a kọ́ ní 1855, ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016, ìkéde náà kò sì dá katakata dúró.

Ọwọ́ ẹ̀yin ìjòyè ni ó kù sí. Nígbà tí ìsọ̀ tuntun bá fẹ́ ṣí, ẹ̀yin ni a ń pè kí ẹ wá gé okùn, kí ẹ sì gba obì. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè ìwé méjì: èyí tí ẹbí fọwọ́ sí, àti ìwé àṣẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú àwòrán ilé náà bí yóò ti rí. Ẹ béèrè ibi tí omi òjò yóò gbà, àti ibi tí àwọn oníṣòwò yóò ti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ìwé kan bá kù nínú méjèèjì, kí ìjòyè dá obì padà, kí ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.